DÍDÍ YÀTỌ̀ SÍ BÍBÒ

  

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Orí ọ̀rọ̀ ẹbí ni a sábà máa ń pa òwe yìí sí. Lónìí, ògiri gan-an ni mo fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ lé lórí: ògiri tí ó sán, férémù fèrèsé tí ó jẹrà, etí àtẹ̀gùn tí ó bù, àti ohun tí ó yẹ kí a fi dí wọn. Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ bíríkìlà àti káfíńtà nìkan ni èyí. Ní Ìdànrè wa níbí, owó kòkó ọ̀pọ̀ ọdún ni ó kọ́ púpọ̀ nínú ilé tí ẹ ń rí. Ẹni tí ó fi ogún ọdún kọ́ ilé kò gbọdọ̀ fi ìṣẹ́jú ogún bà á jẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìyá ilé ni ó ń kọ́kọ́ rí i pé ilẹ̀kùn kò padé mọ́, tàbí pé omi ń yọ lára ògiri ibi tí ọmọ ń sùn.

Nígbà tí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí kálukú ń wo ara ilé rẹ̀, ìbéèrè kan máa ń pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Wọ́n á ní, oje kan wà ní ṣọ́ọ̀bù tí ó máa ń wà nínú agolo méjì tàbí ọ̀pá méjì, tí a ń po ọ̀kan mọ́ èkejì. Wọ́n ní ó fúyẹ́, ó le, omi kò sì ràn án. Ṣé a lè fi dí ògiri? Epoxy ni orúkọ tí wọ́n ń kọ sí ara rẹ̀. Àwọn àgbà tí wọ́n ti lo Araldite láti fi lẹ nǹkan ti mọ irú rẹ̀ kan. Èyí tí à ń sọ yìí jẹ́ ìbátan rẹ̀, ṣùgbọ́n ti ìdíhò ni a ṣe é fún.

Ìdáhùn mi ní kúkúrú nìyí. Ó dára fún igi, ó dára fún òkúta àti sìmẹ́ńtì tí ó bù ní ibi kékeré. Kò dára fún ògiri amọ̀. Kò sì sí ibi tí ó ti dára kí a fi bo àrùn ilé mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wá yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kí ni oje yìí?

Ìtàn rẹ̀ ya ni lẹ́nu. Láàárín ọdún 1930 sí 1940, ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan tí ń jẹ́ Pierre Castan ń wá ohun tí àwọn oníṣègùn eyín lè fi ṣe eyín àtọwọ́dá. Ibi tí ó ti ń wá ohun ẹnu ni ó ti bá oje yìí pàdé. Ilé iṣẹ́ Ciba ní ilẹ̀ náà ni ó gbé e lọ síwájú, tí ó sì di ohun tí a ń tà ní ọjà pẹ̀lú orúkọ Araldite ní nǹkan bí ọdún 1946. Láti ìgbà náà ni ó ti tàn ká ayé. Àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú ń lò ó, àwọn tí ń kan ọkọ̀ ojú omi ń lò ó. Nígbà tí wọ́n gé ilé òrìṣà àtijọ́ ti Abu Simbel ní ilẹ̀ Íjíbítì kúrò ní ojú omi láàárín ọdún 1964 sí 1968, nítorí ìdídò ńlá Aswan, wọ́n lo irú oje báyìí láti mú òkúta tí kò le dáadáa di ara rẹ̀ mú kí a tó gbé e.

Apá méjì ni oje náà ní. Ọ̀kan ni oje gan-an, èkejì ni èyí tí ń mú un gan. Bí ẹ bá fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sílẹ̀ lọ́tọ̀, wọn yóò wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá pàdé ni wọ́n ń di ara wọn mú, tí wọ́n sì ń di líle tí kò tún lè padà di ọ̀bẹ̀ mọ́.

Báwo wá ni ó ṣe fúyẹ́? Wọ́n po ìyẹ̀fun kan mọ́ ọn. Bí ẹ bá fi ojú lásán wò ó, ẹ ó rò pé èlùbọ́ funfun ni. Àwọn kóro gíláàsì wínníwínní ni, tí inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣófo bí ìṣáwùrú tí a ti jẹ ẹran inú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ó kún inú oje náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò rí ihò kankan níbẹ̀. Ẹ mú abọ́ kan tí ó gba omi kílò kan. Bí ẹ bá pọn sìmẹ́ńtì àti iyanrìn tí a ti pò kún abọ́ náà, yóò tó nǹkan bí kílò méjì. Bí ẹ bá pọn oje fúyẹ́fúyẹ́ yìí kún un, kò ní tó kílò kan. Nígbà tí ó bá gan tán, púpọ̀ nínú irú rẹ̀ máa ń léfòó lórí omi.

Kí ni àǹfààní ìfúyẹ́ náà? Bí ẹ bá fi dí ihò tí ó wà lókè ilẹ̀kùn tàbí lára igi àjà, kò ní máa fà sísàlẹ̀ kí ó tó gan. Bí ó bá gan tán, sánpépà lásán yóò fá a tẹ́jú, kò ní gba agbára. Kì í sún kì bí pọ́tì tí ń gbẹ, kò sì ní mu omi.

Ṣùgbọ́n kò sí àǹfààní tí kò ní ìdíyelé tirẹ̀. Ohun tí ó sọ ọ́ di fúyẹ́ náà ni kò jẹ́ kí ó lágbára tó oje líle tí a kò po ìyẹ̀fun mọ́. Nítorí náà, ìdíhò ni, kì í ṣe òpó. Ẹ má ṣe fi sí ibi tí yóò ru òrùlé, tàbí ibi tí ẹ ó kan ìkọ́ ńlá mọ́. Kò fẹ́ràn iná pẹ̀lú. Ooru tí kò tó ti omi híhó rárá lè mú kí ó rọ̀. Nítorí náà, kò yẹ ní ìdí àdògán, kò yẹ lára ìkòkò, kò sì yẹ lára kẹ́tù omi gbígbóná. Oòrùn tààrà náà máa ń jẹ ojú rẹ̀ di ẹfun, nítorí náà ẹ kùn ún ní ọ̀dà lẹ́yìn tí ó bá ti gan.

Ibi tí ó ti wúlò jù

Bí a bá yẹ ilé wò ní Odòde tàbí Àlàdé, ibi tí a ó ti rí iṣẹ́ fún oje yìí jù ni ìsàlẹ̀ férémù fèrèsé àti ti ilẹ̀kùn tí ó kọjú sí òjò. Omi a máa dúró níbẹ̀, igi a rọ̀, ikán a sì rí ọ̀nà. Káfíńtà lè sọ pé kí a yọ gbogbo férémù náà sọnù. Bí ìyókù igi náà bá ṣì le, ìwọ̀n tí ó jẹrà náà nìkan ni a ó yọ. Ìlànà rẹ̀ nìyí.

Èkíní, ẹ wá ibi tí omi ti ń wọlé, kí ẹ sì dí i ná. Bí páánù bá ń jò sí férémù lórí, oje tí ó wà nísàlẹ̀ kò ní gba igi náà là.

Èkejì, ẹ fi ọ̀bẹ fá gbogbo igi tí ó ti rọ̀ kúrò títí ẹ ó fi kan igi líle. Bí ẹ bá rí ikán, ẹ kọ́kọ́ pa ikán. Ohun tí a bá lẹ̀ mọ́ igi tí ó ti kẹ̀, òun àti igi náà ni yóò jọ jábọ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ. Èyí ni ọ̀pọ̀ kì í ní sùúrù fún. Oje yìí kì í di igi tútù mú dáadáa. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó yẹ kí a ṣe iṣẹ́ náà, kì í ṣe àárọ̀ ọjọ́ kejì tí òjò rọ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wọn apá méjèèjì gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́ sí ara agolo. Òmíràn jẹ́ ọ̀kan sí ọ̀kan, òmíràn jẹ́ márùn-ún sí ọ̀kan. Ẹ̀yin ìyá wa mọ ọbẹ̀ í sè láìwọn iyọ̀, ọwọ́ yín ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ọbẹ̀. Ẹ wò ó bí bọ́tìnnì àti ojú bọ́tìnnì lára ẹ̀wù. Bí bọ́tìnnì bá pọ̀ ju ojú lọ, ẹ̀wù kò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ padé dáadáa, èyí tí ó ṣẹ́ kù yóò kàn máa rọ̀ dirodiro ni. Bí ẹ bá ṣe àfikún èyí tí ń mú un gan nítorí kí ó lè yá, rírọ̀ ni yóò máa rọ̀, tí yóò máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́ títí ayé. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ẹ̀karùn-ún, ìwọ̀nba ni kí ẹ pò. Nígbà tí apá méjèèjì bá ń di ara wọn mú, ooru ń jáde lára wọn. Bí ó bá pọ̀ nínú ife kan, ooru náà kò ní rí ọ̀nà jáde. Ife náà lè yọ́, èéfín sì lè rú. Ẹ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sórí pákó kékeré, kí ẹ sì ṣe é ní òwúrọ̀ nígbà tí oòrùn kò tíì mú. Ní ọ̀sán gangan, ó lè gan mọ́ yín lọ́wọ́ kí ẹ tó dé ìdí fèrèsé.

Ẹ̀kẹfà, ẹ fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tẹ̀ ẹ́ wọ inú ihò náà dáadáa, kí ó ga ju ojú igi lọ díẹ̀. Bí ihò náà bá jìn, ẹ fi ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta dí i. Bí ó bá gan tán ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ tutù, ẹ lè rí ohun kan bí òróró lójú rẹ̀. Ẹ fi omi àti kànrìnkàn fọ̀ ọ́ kúrò kí ẹ tó fi sánpépà fá a. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kun ọ̀dà.

Irú ọ̀nà yìí náà ni a lè gbà tún etí àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì tí ó bù ṣe, tàbí ilẹ̀ téràsò tí ó ya díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí etí àtẹ̀gùn náà bá jẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ béèrè fún èyí tí ó wúwo tí ó sì le, kì í ṣe èyí tí ó fúyẹ́.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ kan tí ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín oníṣẹ́ àti onílé. Ìdíhò tí àwọn pánẹ́ẹ̀lì-bítà fi ń tún ara mọ́tò ṣe kì í ṣe èyí. Òun náà ní apá méjì, ó sì dín lówó. Ṣùgbọ́n ó máa ń mu omi díẹ̀díẹ̀, bí a bá sì fi sí ara igi tí òjò ń pa, yóò ṣí kúrò. Ẹ ka ara agolo kí ẹ tó san owó. Bí ihò náà bá sì kéré, tí ó wà nínú ilé níbi tí omi kò dé, ìyẹ̀fun igi tí káfíńtà pò mọ́ gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti tó. Kò sí ìdí tí a ó fi lọ ra ohun tí ó wọ́n.

Ògiri amọ̀ àti ẹ̀kọ́ orí òkè

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a gun òkè. Ẹni tí ó bá gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, tí ó lé ní ẹgbẹ̀ta, yóò dé ìlú tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ láàárín ọdún 1920 sí 1935. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá wà níbẹ̀, ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀, ilé agogo pẹ̀lú. Ní ọdún 2007, wọ́n kọ orúkọ Òkè Ìdànrè sínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà sí ogún gbogbo ayé. Àárín àpáta ni ìlú náà wà, ṣùgbọ́n amọ̀ ni àwọn baba wa fi mọ ilé wọn.

Ìsàlẹ̀ níbí náà, ilé amọ̀ ṣì pọ̀, àwọn mìíràn sì wà tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ojú wọn tí a kò fi mọ̀ pé amọ̀ ni wọ́n nínú. Ilé wọ̀nyí ni oje yìí lè ṣe ní ibi.

Ìdí rẹ̀ ni pé ògiri amọ̀ ń mu omi, ó sì ń tú u jáde. Ní ìgbà òjò, yóò mu díẹ̀, yóò wú díẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, yóò tú u sí afẹ́fẹ́, yóò sún kì díẹ̀. Bí ẹ bá ki ohun líle tí kò ń mu omi bọ inú rẹ̀, amọ̀ yóò máa wú, yóò máa sún kì, ohun líle náà kò ní kúrò lójú kan. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹ ó rí i pé ìdíhò náà wà ní pípé, ṣùgbọ́n ògiri tí ó yí i ká ti sán tuntun. Bákan náà, omi tí ó wà nínú ògiri tí ó fẹ́ jáde yóò bá ọ̀nà ní dídí. Yóò dúró sẹ́yìn rẹ̀, yóò máa rọ amọ̀ náà di ẹrẹ̀. Sìmẹ́ńtì tí a fi rẹ́ ojú ilé amọ̀ ń ṣe irú èyí pẹ̀lú, òun ni ó fi máa ń ṣí kúrò ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ.

Amọ̀ ni kí a fi tún amọ̀ ṣe. Ẹ wa amọ̀ tí ó jọ ti ògiri náà. Ẹ gé koríko gbígbẹ wẹ́wẹ́ sí i, kí ó má bàa ya nígbà tí ó bá ń gbẹ. Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ó sùn mọ́jú. Ẹ yọ gbogbo ibi tí ó ti ń mì kúrò lára ògiri, ẹ gbá eruku inú rẹ̀, ẹ wọ́n omi sí i kí ògbólógbòó lè gba tuntun. Lẹ́yìn náà, ẹ fi amọ̀ náà dí i ní ìpele ìpele, kí ọ̀kan gbẹ díẹ̀ kí òmíràn tó gorí rẹ̀. Ẹ ta aṣọ tàbí ẹní bò ó kí oòrùn má bàa yára gbẹ ẹ́. Kò náni ju òógùn lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé iṣẹ́ òtòṣì ni èyí, ẹ ní kí ó wo ìlú Djenné ní ilẹ̀ Mali. Amọ̀ ni mọ́sáláásí ńlá tí ó wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n tún kọ́ ní ọdún 1907. Ó wà nínú ogún gbogbo ayé láti ọdún 1988 pẹ̀lú ìlú náà. Lọ́dọọdún, gbogbo ìlú ni ó máa ń jáde fi amọ̀ tuntun rẹ́ ẹ. Àwọn obìnrin ń ru omi, àwọn ọmọdé ń tẹ amọ̀, àwọn ọkùnrin ń gun ògiri. Kì í ṣe pé àwọn ará ibẹ̀ kò mọ̀ pé sìmẹ́ńtì wà. Wọ́n mọ̀ pé ohun tí a ń tọ́jú lọ́dọọdún ni ó ń pẹ́. Ní Timbuktu náà, nígbà tí àwọn oníjàgídíjàgan wó ojú oórì àwọn àgbà Àáfáà ní ọdún 2012, àwọn bíríkìlà ìlú náà ni ó fi ọ̀nà àwọn baba wọn tún wọn kọ́, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọdún 2015.

Ṣé ògiri náà ń sán síwájú?

Kí ẹ tó dí ibi kankan tí ó sán, yálà ti amọ̀ tàbí ti búlọ́ọ̀kù, ẹ bi í léèrè bóyá ó ti dúró. Ọ̀nà kan rọrùn, ọmọ iléèwé lè ṣe é. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà kékeré sí orí àti ìdí ibi tí ó sán, kí ẹ kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ fi sìmẹ́ńtì rírọ̀ tín-ínrín kan la ojú rẹ̀ kọjá bí afárá. Ẹ wá wò ó lóṣooṣù títí ìgbà òjò yóò fi kọjá. Bí ó bá kọjá ìlà yín, tàbí tí afárá náà bá ya, ògiri náà ṣì ń rìn. Ẹni tí ó bá dí ògiri tí ń rìn, ó ń fi owó ṣòfò.

Èyí tí ó tín-ínrín bí irun, tí kò kọjá ojú ibi tí a rẹ́, kò yẹ kí ó ba yín lẹ́rù. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ìka kékeré bá lè wọ ibẹ̀, tàbí tí ó gba ìgun fèrèsé lọ sókè ní ìdàgẹ̀rẹ̀, tàbí tí ó hàn nínú tí ó sì hàn lóde, tàbí tí ilẹ̀kùn tí ń padé tẹ́lẹ̀ kò padé mọ́, ẹ fi agolo oje sílẹ̀. Ìdí ilé ni àrùn náà wà. Ẹ lọ pe ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ilé kíkọ́, kí ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ sùn sí ìdí ògiri náà.

Ìpalára tí ó wà nínú rẹ̀

Oje tí kò tíì gan kì í ṣe ohun eré. Ó lè mú kí ara yún ni, kí ó sì lé. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀ tí ó bá kàn án lẹ́yìn náà yóò máa dà á láàmú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tí kò ń jẹ́ kí omi wọlé. Bí ó bá kan ara, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ ní kíá. Ẹ má ṣe fi kẹrosíìnì tàbí tínnà fọ̀ ọ́, nítorí yóò tún wọ inú awọ ara lọ sí i. Bí ẹ bá ń fi sánpépà fá a, ẹ bo imú àti ẹnu, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì lé àwọn ọmọdé jáde, nítorí ìyẹ̀fun gíláàsì ni eruku náà. Ẹ má ṣe tọ́jú rẹ̀ sí ilé ìdáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo mílíìkì, ẹ má sì rọ ọ́ sínú ìgò tí ọmọ lè rò pé ohun mímu ni. Ẹ má ṣe fi dí abọ́ oúnjẹ tàbí ìkòkò omi mímu.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ó kan wa gẹ́gẹ́ bí Mùsùlùmí. Bí oje yìí bá gan sí ọwọ́ tàbí sí èékánná, omi kò ní kan awọ ara tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó bá di omi lọ́nà báyìí, yíyọ ni a ń yọ ọ́ kí a tó ṣe àlùwàlá tàbí kí a tó wẹ ìwẹ̀ ọ̀ranyàn. Èyí ni ìdí kejì tí ìbọ̀wọ́ fi dára. Bí ó bá ti lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí yíyọ rẹ̀ yóò dá ọgbẹ́ sí ara, ẹ má ṣe fi ọ̀bẹ gé ara yín, ẹ lọ bi Àáfáà àdúgbò yín.

Ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù

Mo ti sọ pé oje yìí fúyẹ́. Lílò rẹ̀ kan wà tí ó wúwo lọ́rùn ẹni. Òun ni pé kí ènìyàn mọ̀ pé ilé òun ti ń wó lọ, kí ó dí ibi tí ó sán, kí ó kun ọ̀dà sí i, kí ó sì gba owó ọdún méjì lọ́wọ́ opó tí ó fẹ́ gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ọmọ. Tàbí kí ó fi oje kún ilẹ̀kùn tí ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán, kí ó tà á ní tuntun. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, nígbà tí ó ki ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ kan ní ọjà, tí ó rí i pé inú rẹ̀ tutù bí òkè rẹ̀ tilẹ̀ gbẹ. Ẹni tí ń tà á ní òjò ni ó pa á. Ànábì bi í léèrè ìdí tí kò fi gbé èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì yọ ara rẹ̀ kúrò lára oníjìbìtì. Ògiri náà ń bẹ nínú ìdájọ́ yìí.

Kì í sì ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, ilé alájà kan wó ní Ìta Fájì ní ìlú Èkó. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké wà nínú rẹ̀. Ọmọdé wà nínú àwọn tí ó kú. Lẹ́yìn náà ni àwọn aláṣẹ sọ pé àwọn ti fi àmì sí ilé náà ṣáájú pé wíwó ni kí a wó o. Ilé tí ó bá fẹ́ wó máa ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá fi ìdíhò pa á lẹ́nu mọ́ ti gba ìkìlọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń wá ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ó gbà, ẹ má ṣe wo ọ̀dà nìkan. Ẹ wò ó bóyá ọ̀dà tuntun wà ní ojú ìlà kan tí ìyókù ògiri sì ti gbó. Ẹ fi ìka kan ògiri kí ẹ gbọ́ bóyá ó ń dún bí ohun tí inú rẹ̀ ṣófo. Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ẹ sì tì wọ́n. Ẹ yípo ẹ̀yìn ilé. Ẹ bi aládùúgbò léèrè bí ibẹ̀ ti máa ń rí nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Ẹni tí ó ní òtítọ́ kò ní bínú sí yín.

Ẹ̀yin onílé, bí ẹ bá sì ti tún ibì kan ṣe, ẹ wí i. Ẹ ní, "Férémù yìí ti jẹrà nísàlẹ̀, mo ti fá a, mo sì ti dí i." Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àwọn ìyá wa àtijọ́ a máa gán igbá tí ó bá fọ́, ojú ibi tí wọ́n gán a sì máa hàn gbangba. Wọn kò fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, igbá náà a sì tún máa bu omi fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Mo fi yín sílẹ̀ báyìí. Kí Ọlọ́hun Ọba má ṣe jẹ́ kí ilé wa wó lé wa lórí, kí ó sì má ṣe jẹ́ kí a lanu fún aláǹgbá nínú ẹbí wa. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́hun bá fẹ́. Àsàlámù àlékùm.